Àpáta Olúmọ tí mo fi bíríkì Lego kọ́ fún àwọn ọmọ mi là sí méjì

Bàbá Ìbarà | Ọjọ́ Àìkú, aago 8:10 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà tó wà níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá síwájú yín, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí pé ó dùn mí ju bí ẹlòmíràn ṣe lè rò lọ.

Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi jíǹkí èmi àti ìyá wọn níbí ní Ìbarà, Abẹ́òkúta. Obìnrin ni àkọ́bí, ó jẹ́ ọmọ ọdún 9. Ọkùnrin ló tẹ̀ lé e, ó jẹ́ ọmọ ọdún 6. Àbíkẹ́yìn wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 2 ni. Nígbà ìsinmi Àjíǹde, mo mú àwọn àgbà méjèèjì lọ sí Àpáta Olúmọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo inú ihò tí àwọn Ẹ̀gbá fara pamọ́ sí nígbà ogun, wọ́n gun àtẹ̀gùn dé òkè, wọ́n sì dúró pẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n ń wo òrùlé páànù tó ti dípẹtà, tó tẹ́ lọ bí ẹní dé ìhà Odò Ògùn. Nígbà tí a padà délé, àkọ́bí mi bi mí bóyá a lè kọ́ Olúmọ sínú ilé wa kí òun lè máa rí i lójoojúmọ́. Mo dá a lóhùn pé a lè kọ́ ọ, ìlérí yẹn ni mo sì ń lé kiri láti ìgbà náà.

Oṣù márùn-ún ni mo fi kó bíríkì Lego, bíríkì ìṣeré tí à ń so mọ́ra, bíi 4,000 jọ, tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ oníkókó 8 (kókó ni ibi róbótó tó yọ sókè lórí bíríkì), aláwọ̀ eérú. Pẹpẹ ìpìlẹ̀ mẹ́rin ni mo tò pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní kókó 32 ní gígùn àti 32 ní fífẹ̀. Àpáta fúnra rẹ̀ gba kókó 48 sí 48 láàárín wọn, mo sì fi etí tó kù sílẹ̀ fún ìlú. Mo fẹ́ kí ó ga tó ìpele 40. Nítorí pé tábìlì ìjẹun wa kò gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, apá òsì ni mo kọ́kọ́ kọ́ lórí pẹpẹ méjì, mo wá kọ́ apá ọ̀tún lórí méjì yòókù ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìpele 12 ìsàlẹ̀ ni mo fi bíríkì kún bámúbámú kí ó má baà fì. Nígbà tí mo fi dé ìpele 20, bíríkì tó kù nínú àpò kò tó 200 mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, èmi àti ìyá àwọn ọmọ gbé e, a fẹ́ gbé e lọ sí pálọ̀. A kò tíì rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́rin tí ó fi là láàárín bí awẹ́ obì, tí apá kan já lulẹ̀ tó sì fọ́n káàkiri. Ọmọkùnrin mi bú sẹ́kún. Èyí ẹ̀gbọ́n kò sọ nǹkan kan, ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó ń ṣa bíríkì, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ló sì dùn mí jù.

Mo fẹ́ mọ ohun tó fà á tó fi là, mo sì fẹ́ mọ bí mo ṣe lè parí rẹ̀ láìra bíríkì mìíràn, torí pé owó ilé kò gbà á mọ́. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n lọ ra gọ́ọ̀mù kí n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

Bíríkìlà Adátán | Ọjọ́ Àìkú, aago 9:02 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Ìbarà. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ.

Bíríkìlà ni mí, mo sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí fún ọdún 22. Kí n tó ka ọ̀rọ̀ yín dé ibi tí àpáta náà ti là ni mo ti mọ ibi tí yóò ti là. Ilé méjì ni ẹ kọ́, tí ẹ wá gbé ìkínní ti ìkejì, ẹ̀yin sì rò pé wọ́n ti di ọ̀kan. Bí ẹ bá wo àárín pẹpẹ ìpìlẹ̀ yín, ẹ óò rí ojú ibi tí apá òsì ti pàdé apá ọ̀tún. Ojú yẹn bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, ó sì lọ tààrà dé ìpele 20 láìsí bíríkì kan ṣoṣo tó dá a kọjá. Kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀ rárá, àfi bí ẹ ṣe fọwọ́ tì wọ́n mọ́ra wọn.

Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá máa ń kọ́ ọmọṣẹ́ ni pé ojú ìpàdé kò gbọdọ̀ dúró lórí ojú ìpàdé. Ohun tí à ń pè ní bọ́ǹdì nìyẹn. Bí búlọ́ọ̀kù méjì bá pàdé ní ìlà ìsàlẹ̀, àárín búlọ́ọ̀kù ìlà òkè ni ó gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ibi tí wọ́n ti pàdé. Bí ẹ bá rí ilé tó sán láti ìsàlẹ̀ dé òkè ní ìlà gígùn kan, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò sì rì, ẹ wo ojú búlọ́ọ̀kù rẹ̀ dáadáa, ẹ óò rí i pé ọmọṣẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ tí ọ̀gá kò sì yọjú. Àwa tilẹ̀ ní sìmẹ́ǹtì tó ń bá wa dì í mú. Ẹ̀yin kò ní nǹkan kan ju orí àti ìdí bíríkì lọ, nítorí náà bọ́ǹdì ni sìmẹ́ǹtì tiyín.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ tú u dé ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ó nira láti gbọ́. Ẹ wá ibi tí pẹpẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò ti lè wà papọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ pálọ̀, kí ẹ ra pákó pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kí ẹ tò wọ́n lé e lórí. Láti ìpele kìíní gan-an ni kí bíríkì ti máa dá ojú pẹpẹ kọjá. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e, pákó ni kí ẹ gbé, kí ẹ má ṣe gbá àpáta mú ní ìhà méjèèjì.

Olùkọ́ Ìṣirò | Ọjọ́ Ajé, aago 6:35 ìrọ̀lẹ́

Mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ tí Bíríkìlà Adátán sọ tọ̀nà, mo sì fẹ́ fi ìṣirò tì í lẹ́yìn, pàápàá lórí kíkún bámúbámú tí Bàbá Ìbarà kún ìsàlẹ̀ àpáta.

Láti àárín kókó kan sí àárín èkejì lórí bíríkì wọ̀nyí jẹ́ mìlímítà 8, gíga bíríkì kan sì jẹ́ mìlímítà 9.6 láìka kókó orí rẹ̀. Kókó 48 yóò fún yín ní sẹ̀ǹtímítà 38.4 ní fífẹ̀, ìpele 40 yóò sì fún yín ní sẹ̀ǹtímítà 38.4 ní gíga. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é bí ẹni pé àpáta náà rí bí àpótí, tí kò tíì yípo sínú. Bí ẹ bá kún un, ìpele kan yóò jẹ bíríkì oníkókó 8 tó jẹ́ 288, gbogbo ìpele 40 yóò sì jẹ 11,520. Bíríkì kan wúwo tó gíráàmù 2.3, nítorí náà ohun tí ẹ fẹ́ máa gbé kiri inú ilé yóò ju kílò 26 lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ́ ògiri nìkan, tí ó nípọn tó kókó méjì, tí ẹ sì fi inú sílẹ̀, ìpele kan yóò jẹ 46 péré, ìpele 40 yóò jẹ 1,840, ìwúwo rẹ̀ kò sì ní ju kílò mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Àpáta tòótọ́ sì ń fún bí ó ti ń ròkè, nítorí náà yóò tún dín sí i.

Ẹ̀rù pé kí ìsàlẹ̀ má lè gbé òkè ló máa ń mú àwọn òbí kún inú. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Open University ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀rọ tẹ bíríkì oníkókó 4 láti wo ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó gbé ohun tó tó kílò 430 kí ó tó tẹ́. Ìwúwo kọ́ ni ọ̀tá yín, Bàbá Ìbarà. Kò sí òbí kan ní Abẹ́òkúta tó lè kọ́ ohun tí yóò tẹ bíríkì ìsàlẹ̀ rẹ́. Ibi ìpàdé ni ohun ńlá ti máa ń tú, bí ó bá sì ti wúwo tó náà ni ibi ìpàdé rẹ̀ yóò ti jìyà tó nígbà tí ẹ bá gbé e.

Láti fi kún un, bí ẹ bá ní àwọn pẹlẹbẹ tínínrín, tí mẹ́ta wọn dọ́gba pẹ̀lú gíga bíríkì kan, ẹ lo àwọn tó gùn nínú wọn láti fi di ògiri kan mú mọ́ èkejì láàárín ihò inú, ní gbogbo ìpele márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Ìyá Ìjàyè | Ọjọ́ Ajé, aago 9:20 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ní ìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, Bàbá Ìbarà, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, “mo kọ́”, “mo tò”, “mo kún” ni mo rí. Níbo ni ọwọ́ àwọn ọmọ wà?

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí ni mo fi béèrè. Ọkọ mi kọ́ ọkọ̀ ojú omi ńlá kan fún àwọn ọmọkùnrin wa ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tó gùn ju apá àgbàlagbà lọ. Alaalẹ́ ni ó ń kọ́ ọ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn, kí ó lè jẹ́ ìyàlẹ́nu fún wọn. Ó yà wọ́n lẹ́nu lóòótọ́. Ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọdún kan àbọ̀ ni ọkọ̀ yẹn fi wà lókè tí eruku ọyẹ́ ń kún un, tí àwọn tí a torí wọn kọ́ ọ ń yẹra fún un bí ẹni ń yẹra fún àwo iyebíye. Ní ọjọ́ tí èyí àbúrò fi bọ́ọ̀lù gbá a, nínà ni bàbá rẹ̀ nà án. Ọmọ náà sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé, “Mọ́mì, ṣé kì í ṣe tiwa ni wọ́n sọ pé ó jẹ́?” N kò rí èsì kankan fọ̀ fún un.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ ra gọ́ọ̀mù, ẹ rò ó dáadáa. Ohun tí a bá lẹ̀ pọ̀, ère ni. Ọmọ kò lè tú u, kò sì lè tún un tò.

Ẹ̀gbá Òkè-Òkun | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:48 òwúrọ̀

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Aké ni mí, inú mi sì dùn gidigidi láti rí i pé ẹnì kan ń kọ́ Olúmọ.

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Ìjàyè lórí gọ́ọ̀mù. Lóòótọ́ ni pé wọ́n ń lẹ àwọn ilé ńlá tí wọ́n tò sí Legoland, ọgbà ìgbafẹ́ Lego, nítorí pé ìta gbangba ni wọ́n wà tí òjò àti afẹ́fẹ́ ń bá wọn jà. Ti inú ilé kò nílò rẹ̀. Orúkọ Lego fúnra rẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ méjì ní èdè Denmark tó túmọ̀ sí “ṣeré dáadáa”. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ń jẹ́ Ole Kirk Christiansen ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Billund ní ọdún 1932, igi ló sì fi ń gbẹ́ ohun ìṣeré nígbà náà. Oṣù kìíní ọdún 1958 ni wọ́n kọ̀wé béèrè ìwé ẹ̀tọ́ fún bíríkì tí a mọ̀ lónìí, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún yẹn ṣì ń wọ èyí tí wọ́n ṣe lánàá. Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé ẹ kò ní láti ra tuntun. Tòkunbọ̀ dára. Níhìn-ín, wọ́n máa ń tà á ní kílò, láìsí páálí. Ẹ ṣáà fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí omi náà má ṣe gbóná ju ìwọ̀n 40 Celsius lọ, kí ẹ sì sá a sí ibòòji. Oòrùn máa ń sọ funfun àti eérú di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ohun tí ẹ óò ṣọ́ra fún ni ayédèrú. Bàtà rẹ̀ lè jọ bàtà, ṣùgbọ́n kì í di ẹsẹ̀ mú. Ẹ mú bíríkì méjì, ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ sì gbé èyí òkè nìkan sókè. Bí èyí ìsàlẹ̀ bá já bọ́, ẹ má fi í sí ibi tí ó nílò agbára.

Ní ti bíríkì tí kò tó, ṣé ẹ kò ní Duplo nílé? Bíríkì ńlá tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ kéékèèké láti ọdún 1969 ni. Ó gùn, ó fẹ̀, ó sì ga ní ìlọ́po méjì, nítorí náà ẹyọ kan rẹ̀ gba àyè bíríkì mẹ́jọ. Bíríkì kékeré yín sì lè jókòó sórí rẹ̀ kí ó dì í mú, ọgbọ́n àwọn tó ń kọ́ ohun ńlá sì ni láti fi í ṣe egungun inú. Ẹ fi kọ́ òpó mẹ́rin sínú àpáta. Ìpele Duplo 20 ni yóò dọ́gba pẹ̀lú ìpele 40 tiyín. Bí ẹ bá fi ẹyọ méjì méjì ṣe ìpele kan, tí ẹ ń dábùú wọn lórí ara wọn, 160 yóò tó òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bàbá Ìbarà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10:15 alẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìjàyè ni n kò lè sùn lé lórí. Mo padà ka ohun tí mo kọ, òtítọ́ sì ni, ọwọ́ àwọn ọmọ kò sí níbẹ̀. Mo ń lé wọn sẹ́yìn ni. Nígbà tí ọmọkùnrin mi fi bíríkì pupa kan sí ẹ̀gbẹ́ àpáta, mo yọ ọ́ kúrò nítorí pé Olúmọ kò pupa. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ kọ́ ihò, mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ògiri. Ìfẹ́ ló wà lọ́kàn mi ní gbogbo ìgbà yẹn. Mo fẹ́ kí ó dára fún wọn débi pé mo gbà á lọ́wọ́ wọn.

Lálẹ́ òní, a jókòó sí ilẹ̀ pálọ̀, a sì tú apá tó kù. Ẹ̀rù bà mí pé wọn yóò tún sunkún, ṣùgbọ́n títú ni wọ́n gbádùn jù lọ nínú iṣẹ́ náà láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro kan ni pé Duplo tí a ní nílé, ti àbíkẹ́yìn wa ni, kò sì tíì tó àkókò tí a lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún 2 kò gbọdọ̀ sún mọ́ àwọn kéékèèké torí kí ó má baà gbé e mì.

Àgbà Sápọ́n | Ọjọ́rú, aago 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti lé ní 70 ọdún, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Ní ìgbà tiwa, a kò mọ Lego. Agolo mílíìkì ni a fi ń ṣe mọ́tò. A ó fi ìṣó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ó gé bàtà sílípáàsì tó ti gbó ní róbótó fún táyà, a ó sì so okùn mọ́ imú rẹ̀. Bàbá mi, tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ṣe mọ́tò kan fún mi pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun tí kò ṣe ni táyà. Ó ní kí n lọ wá táyà fúnra mi. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá sílípáàsì káàkiri àdúgbò, ọ̀bẹ ìyá mi ni mo fi gé e, kò sì rí róbótó rárá, mọ́tò náà ń tiro. Tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá béèrè ẹni tó ṣe é, mo máa ń sọ fún wọn pé èmi àti bàbá mi ni.

Bàbá Ìbarà, ìwọ kọ́ egungun rẹ̀. Ohun tí ojú ń rí, fi í sílẹ̀ fún wọn.

Bíríkìlà Adátán | Ọjọ́rú, aago 8:44 alẹ́

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un lórí ihò tí ọmọbìnrin yẹn fẹ́ kọ́, nítorí pé ihò ni ó mú Olúmọ jẹ́ Olúmọ. Kì í ṣe ohun tí ẹ óò gbẹ́ lẹ́yìn tí ògiri bá ti parí. Láti ìpele kejì ni kí ẹ ti fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ẹ lè gbà bò ó lórí. Ẹ lè fi pẹlẹbẹ gígùn kan dábùú rẹ̀ bí a ṣe ń fi lintẹ́ẹ̀lì dábùú ẹnu ọ̀nà, kí orí rẹ̀ méjèèjì jókòó dáadáa sórí ògiri. Èkejì, tó jọ àpáta ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni kí ìpele kọ̀ọ̀kan máa yọ síta ju èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ pẹ̀lú kókó kan péré, láti ìhà méjèèjì, títí wọn yóò fi pàdé lókè. Bí ó bá yọ ju kókó kan lọ, ó lè ṣubú kí ó tó pàdé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà kà á fúnra rẹ̀.

Bákan náà ni kí ẹ ṣe ara àpáta. Ẹ máa fà á wọlé kókó kan ní ibi tí ó tẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ó ga tó ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ẹ tó fà á wọlé ní ibi tí ó dúró gbọn-ín. Ojú ni yóò sọ fún yín.

Olùkọ́ Ìṣirò | Ọjọ́bọ̀, aago 4:12 ìrọ̀lẹ́

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí Bàbá Ìbarà bi àkọ́bí rẹ̀. Kí ó fún un ní bíríkì oníkókó 8 méjì tí àwọ̀ wọn dọ́gba, kí ó sì ní kí ó wá gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà so pọ̀. Mẹ́rìnlélógún ni. Bíríkì mẹ́ta ní ọ̀nà 1,060. Nígbà tó bá fi di mẹ́fà, ó ti di 915,103,765, iye tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Denmark fi kọ̀ǹpútà kà. Mo ti fi ìbéèrè ti bíríkì méjì yẹn kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Àwọn tó ń sá fún ìṣirò ni kò fẹ́ dìde lórí ẹní mọ́, mo sì gbà pé ọmọ tó ṣa bíríkì láìsọ̀rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yóò fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ̀gbá Òkè-Òkun | Ọjọ́ Ẹtì, aago 6:50 òwúrọ̀

Bàbá Ìbarà, ẹ fi àpótí ìránṣẹ́ yín ṣí sílẹ̀. Àwọn ọmọ mi ti dàgbà kọjá Duplo, ó wà nínú àpò ní àjà. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ nílé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò gbé e dé Pánsẹ́kẹ́ fún yín. N kò gba owó.

Bàbá Ìbarà | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, aago 7:05 alẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Mo padà wá jábọ̀.

Duplo dé, mo sì fi kọ́ òpó mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ọ́. Iṣẹ́ tèmi kò ju ìyẹn lọ, àfi pákó tí mo rà, àti àwọn pẹlẹbẹ tí mo fi di ògiri mú láàárín inú. Àwọn ọmọ ló tò gbogbo ògiri. Ìpele mẹ́ta ni èyí ọkùnrin kọ́kọ́ tò tí ojú ìpàdé dúró lórí ojú ìpàdé. Mo fẹ́ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fà á sọ́wọ́, ó fi hàn án bí ó ṣe là nígbà tí a tì í díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì tú u. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ “bọ́ǹdì, bọ́ǹdì” kiri ilé.

Ihò méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin mi ló kọ́ méjèèjì, kókó kan lẹ́yìn kókó kan. Ó kó àwọn èèyàn kéékèèké Lego méje sínú èyí tó tóbi, ó ní Ṣódẹkẹ́ àti àwọn Ẹ̀gbá tó kọ́kọ́ dé ní ọdún 1830 ni. Nítorí pé àpáta kò jẹ ju bíríkì 1,700 lọ, èyí tó kù tó wa kọ́ ìlú sí etí pẹpẹ. Gbogbo bíríkì aláwọ̀ ilẹ̀ tí a ní lọ sórí òrùlé, wọn kò sì tó, nítorí náà òrùlé kan jẹ́ búlúù. Ó ní aṣọ àdìrẹ tí wọ́n sá sórí òrùlé ní Ìtòkú ni.

Ọmọkùnrin mi gbé rélùwéè gba ẹsẹ̀ àpáta kọjá. Rélùwéè kò gba ibẹ̀ kọjá. Èyí àtijọ́ gba Làfẹ́ńwá, ibùdókọ̀ tuntun tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè sì wà ní Láderin, tó jìnnà síbẹ̀. Ẹnu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yún mi. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì bi í pé níbo ni àwọn èrò yóò ti wọkọ̀. Ó ní nínú ihò ni.

Ní àná, a gbé e lọ sí pálọ̀. Èmi àti ìyá wọn di pákó mú, àwọn ọmọ ń rìn níwájú, wọ́n ń ká àga kúrò lọ́nà. Kò mì. Orí tábìlì kan tó ga ju ọwọ́ àbíkẹ́yìn wa lọ ni a gbé e kalẹ̀ sí, jìnnà sí fèrèsé.

Ìyá Ìjàyè | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 8:31 alẹ́

Ẹ kú oríire o. Mo ka èyí fún ọkọ mi. Ó dìde, ó gbé àpò tí a kó àfọ́kù ọkọ̀ ojú omi yẹn sí wálẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ báyìí tí mo ń kọ èyí. Èyí àbúrò ní òun kò fẹ́ ọkọ̀ ojú omi mọ́, afárá Làfẹ́ńwá ni òun fẹ́. Bíríkìlà Adátán, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni a ṣe ń kọ́ òpó afárá tí kò fi ní fì?